Agbo Ìràwọ̀ Lẹ́yìn Ìrù Kìnnìún

Àwọn kan wà tí wọ́n máa ń sọ pé àwọn ti dárí ji gbogbo ẹni tó ṣẹ àwọn, pé inú àwọn mọ́ bí omi òjò. Mo kí wọn kú oríire. Èmi ò sí lára wọn. Ọkùnrin kan wà ní àdúgbò wa ní Ọ̀yọ́ tí mo ní sínú láti ìgbà tí mo ti ń kéwú lórí ẹní títí mo fi di olùkọ́. Bí mo bá pàdé rẹ̀ lọ́nà, mo máa ń kúnlẹ̀ kí i, mo sì máa ń béèrè àlàáfíà ilé rẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó ṣu ló máa ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Èmi ni mo kó o.

Fìlà ló ń rán, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n kì í ṣe fìlà. Ojú rẹ̀ ni. Òun ni ẹlẹ́rìí oṣù fún gbogbo àdúgbò. Lọ́dọọdún, bí oṣù tó ṣáájú ààwẹ̀ bá ti ń parí lọ, àwọn ọkùnrin máa ń péjọ sí gbàgede ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí wa ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, wọ́n á máa wá oṣù tuntun. Ẹni tó bá rí i á jẹ́rìí. Àwọn àgbà á sì wádìí ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀: níbo lo ti rí i? Báwo ló ṣe ga tó? Apá ibo ni ìwo rẹ̀ kọjú sí? Bí ó bá jẹ́ ẹni méjì ló rí i, wọ́n á bi wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí èkejì má baà gbọ́ ohun tí èkínní sọ. Mo fẹ́ràn ètò yẹn nígbà náà, mo ṣì fẹ́ràn rẹ̀ títí dòní. Ṣùgbọ́n ní tiwa, wọn kì í bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan mọ́. Bí ọkùnrin yìí bá ti nàka sókè tó ní, "Oṣù ti lé!", ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í kì í ní ojú àṣá, òun náà á máa tún láwàní rẹ̀ wé bí ẹni tí kò gbọ́.

Mo tó ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà tí mo ṣíwájú rẹ̀ rí oṣù. Búútà omi àlùwàlá bàbá mi ni wọ́n ní kí n gbé wá sí mọ́ṣáláṣí. Mo gbójú sókè, mo sì rí i lókè òrùlé ilé alágbẹ̀dẹ, ó tínrín, ó dùbúlẹ̀, ìwo rẹ̀ méjèèjì kọjú sókè. Mo pariwo, "Bàá mi, oṣù rè é!" Gbogbo wọn yíjú. Ọkùnrin yẹn wo ibi tí mo nàka sí. Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín.

"Ọmọdébìnrin, irun ìpéǹpéjú ẹ lo rí. Lọ bọ́jú ẹ."

Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín. Kí wọ́n tó rín ẹ̀rín náà tán, kùrukùru ti bo ibẹ̀. Ó bá ní òun ò rí oṣù kankan, wọ́n sì túká.

Bí ó bá parí síbẹ̀ ni, bóyá mi ò bá ti gbàgbé. Bàbá mi ní ilé kéwú kékeré kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa. Ìtìjú mú un. Ó ní ẹni tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Àlùkùránì, tí ọmọ tirẹ̀ wá ń jẹ́rìí èké lórí ààwẹ̀, ojú wo ló fẹ́ fi wo aráyé? Ó fà mí lọ sí ilé ọkùnrin náà kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú tán, ó ní kí n kúnlẹ̀, ó ní kí n sọ pé mo purọ́. Mo wo ojú bàbá mi. Mo sọ ọ́. Ọkùnrin náà ní kò burú, ọmọdé ni, ó sì fún mi ní èso dàbínù kan, mo mú un dání délé, mo jù ú fún adìẹ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, oṣù yọ gedegbe, ó sanra, ó ga. Ẹni tí kò mọ ohunkóhun nípa oṣù á mọ̀ pé oṣù yẹn kì í ṣe ọmọ ọjọ́ kan. Gbogbo wọn ló rí i. Kò sẹ́ni tó ní mo jàre. Àwọn ọmọ ilé kéwú sì ń pè mí ní Onírun-lójú títí mo fi kúrò ní ilé.

Kí n sọ ohun tí mo ń wá, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ikú ọkùnrin náà ni. Ohun tí mo ń wá ni kí bàbá mi fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé mi ò purọ́, kí ọkùnrin náà sì wà ní ìjókòó nígbà tí ó bá ń sọ ọ́. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ ẹ tó bẹ́ẹ̀ tí mo máa ń fi ìbínú rẹ̀ jí láàárọ̀.

Nígbà tí ẹ̀wádún ọdún ẹgbẹ̀rún lé lẹ́ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún ó lé ọgọ́rin ń lọ sópin ni wọ́n gbé mi lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ láti máa kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní físíìsì. Ibẹ̀ ni mo ti bá awò kan, irú èyí tí a fi ń wo ojú ọ̀run, nínú yàrá tí a ń kó ohun èlò sí. Dókítà òyìnbó àgbàlagbà kan ló fi sílẹ̀ fún ilé ẹ̀kọ́ nígbà tó ń padà sí ìlú rẹ̀. Páìpù funfun gbọọrọ ni, ó ní dígí ńlá ní ìsàlẹ̀ inú rẹ̀, ó sì dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta. Ìdérí ẹnu rẹ̀ ti sọ nù, aláǹgbá sì ti fi inú rẹ̀ ṣe ilé. Mo lé aláǹgbá, mo fọ dígí, mo wá ìdérí garawa ọ̀dà kan tó bá ẹnu páìpù náà mu rẹ́gí. Ìwé máàpù ojú ọ̀run wà nínú àpótí rẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ara mi.

Lójú máàpù yẹn, orúkọ ìràwọ̀ kan dá mi dúró. Òyìnbó ti kọ ọ́ ní ìkọkúkọ, ṣùgbọ́n mo dá a mọ̀. Èdè Lárúbáwá ni, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ìrù kìnnìún, nítorí àwọn ìràwọ̀ ibẹ̀ tò jọ bíi kìnnìún. Kéwú tí bàbá mi fi pàṣán kọ́ mi wá ń ṣiṣẹ́ fún mi ní ojú ọ̀run. Máàpù ní kí n ti ìrù kìnnìún máa lọ sí ìlà oòrùn, títí dé ìràwọ̀ kan tí wọ́n ní ó wà ní apá Wúndíá, èyí tí àwọn ìràwọ̀ tirẹ̀ tò bí ọmọbìnrin. Láàárín àwọn méjèèjì, níbi tí ojú lásán kò ti rí nǹkan kan, agboolé ńlá kan wà níbẹ̀. Kì í ṣe agboolé ènìyàn. Agbo ìràwọ̀ ni ilé kọ̀ọ̀kan níbẹ̀, ọ̀kẹ́ àìmọye ìràwọ̀ tó kó jọ, tí wọ́n jìnnà débi pé gbogbo wọn di ẹyọ kùrukùru kan ṣoṣo lójú ẹni tó ń wò wọ́n. Inú irú agbo bẹ́ẹ̀ ni ayé tiwa náà wà. Àwọn ti ibẹ̀ pọ̀, wọ́n jọ ń gbé, ọ̀kan tó tàn tó sì wúwo sì wà láàárín wọn bíi baálé.

Mo wá baálé yẹn títí ó fi sú mi. Lásìkò ọyẹ́, eruku kì í jẹ́ kí n rí nǹkan kan. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ fọ ojú ọ̀run, mo rí nǹkan funfun kan, mo yọ̀ mọ́ ọn, mo jó díẹ̀, ìdọ̀tí ara dígí ni. Láti ìgbà náà ni mo ti gbọ́n. Bí mo bá rí ohunkóhun, mo máa ń fi ìka ti páìpù náà díẹ̀: ohun tó bá jẹ́ ti dígí á bá dígí lọ, ohun tó bá jẹ́ ti ọ̀run á dúró ní ọ̀run. Mo sì kọ́ pé a kì í tẹjú mọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní tààràtà. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ la máa ń wò, bí ìyàwó tuntun ṣe ń wo ẹran nínú ìkòkò ìyá ọkọ, ìgbà náà ló máa ń yọ sí ojú.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí iná ọba lọ, tí gbogbo apá Sábó tí mo ń gbé ṣókùnkùn, mo rí i. Roboto, ó rọ̀ bí òwú, àárín rẹ̀ mọ́ ju etí rẹ̀ lọ. Mo ti páìpù, kò bá páìpù lọ. Síbẹ̀ mi ò gbà. Mo ya àwọn ìràwọ̀ wẹ́wẹ́ tó yí i ká sínú pépà kí n tó lọ wo máàpù, nítorí mo mọ ara mi, bí mo bá kọ́kọ́ wo máàpù, ohun tí mo fẹ́ rí ni máa rí. Mo wọlé, mo tan àtùpà, mo fi àwòrán mi wé ti ìwé. Wọ́n bára mu. Mo tún jáde. Mo darí awò náà díẹ̀ sí ìwọ̀ oòrùn, mo sì rí méjì mìíràn tí wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ìbejì, ọ̀kan roboto, ọ̀kan gùn díẹ̀. Mo wá àwọn tó kù tí máàpù fi hàn, mo rí lára wọn, àwọn mìíràn kò yọjú sí mi rárá. Mo kọ èyí tí mo rí sílẹ̀ bí èyí tí mo rí, mo kọ èyí tí mi ò rí bí èyí tí mi ò rí.

Ibi tí mo dúró sí yẹn, nínú òkùnkùn, tí ẹ̀fọn ń jẹ mí lẹ́sẹ̀, ni èrò ẹ̀san ti wọ inú mi. Mo wòye pé ohun yìí ṣòro rí, pé ènìyàn gidi á wò ó lẹ́ẹ̀kínní, á ní òun ò rí nǹkan kan. Mo sì mọ ẹnì kan tí kò sọ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀ bí gbogbo ènìyàn bá ń wò ó.

Ọ̀rọ̀ páìpù mi dé Ọ̀yọ́ láìpẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ mọ́ṣáláṣí wa ránṣẹ́ pé kí n gbé e wá fún wíwo oṣù ààwẹ̀. Mo fi ẹní wé e, mo gbé e wọ ọkọ̀ Pijó ní ibùdókọ̀ Ọjà Igbó, mo tẹ́ ẹ sórí itan èmi àti àwọn méjì tó jókòó tì mí. Àwọn sójà dá wa dúró lọ́nà, wọ́n ní kí n tú ìbọn ńlá mi kalẹ̀. Dẹ́rẹ́bà bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní kó sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀rín bá tán lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí ọ̀kan nínú wọn fi awò náà wo ewúrẹ́ kan lókèèrè tó rí i ní ìdoríkodò, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lókè, òun náà bú sẹ́rìn-ín, wọ́n jẹ́ ká lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kùrukùru dí gbogbo ìwọ̀ oòrùn pa. Kò sẹ́ni tó rí oṣù, àti ọkùnrin ojú àṣá, àti awò mi. Rédíò náà sọ pé kò sẹ́ni tó rí i níbikíbi. A kírun Ìṣáì. Iná ọba ti lọ. Nígbà tí a jáde, ìlà oòrùn ti là rekete, kìnnìún wà lókè orí wa, ìrù rẹ̀ kọ sí ìsàlẹ̀. Àwọn ènìyàn kò tíì fẹ́ lọlé. Mo ní, "Ẹ jẹ́ n fi nǹkan kan hàn yín."

Mo darí awò sí àwọn ìbejì yẹn. Mo ní ẹni tó bá wò ó kò gbọdọ̀ pariwo ohun tó rí, kó wá sọ ọ́ sí mi létí, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ẹlẹ́rìí oṣù láyé àtijọ́. Bíríkìlà kan ló kọ́kọ́ wò ó.

"N ò rí nǹkan kan o, àǹtí."

"Ẹ má tẹjú mọ́ ọn. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́."

Ó pẹ́. "Háà! Méjì ni. Wọ́n rí bí èéfín."

Ìyá kan tó ń ta epo náà wò ó, ó sọ fún mi létí pé méjì ni, pé ọ̀kan gùn ju ìkejì lọ.

Ọkùnrin wa jókòó lórí àwọ̀ àgbò rẹ̀, ó ń fa tẹ̀sùbáà. Ó ń sọ pé ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé dúró kò lè rí i. Àwọn ọ̀dọ́ ní, "Ojú àṣá, ẹ dìde wá wò ó ná!" Ó ń ṣe bí ẹni tí kò fẹ́. Bí ó ṣe ń tún láwàní rẹ̀ wé, mo lọ sí iwájú awò bí ẹni fẹ́ nu ìrì, mo fi ìdérí garawa ọ̀dà dé ẹnu rẹ̀. Mo yíjú sí ẹni tó wà nítòsí, mo sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe jẹ́jẹ́ jù: "Mẹ́ta ni wọ́n, bí ààrò."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó fojú sí i.

"Ṣé ẹ rí i, bàbá?"

"Mo rí i kẹ̀! Kí ló dé tí n ò fi ní í rí i?"

"Mélòó ni, sà?"

"Mẹ́ta. Wọ́n jókòó bí ààrò."

"Ṣé wọ́n mọ́lẹ̀?"

"Wọ́n ń tàn yanran. Èyí tó wà lókè tiẹ̀ pupa díẹ̀." Ó gbórí sókè, ó na ara rẹ̀. "Ó pẹ́ tí mo ti ń fi ojú lásán rí wọn. N kàn ń dákẹ́ ni."

Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Mo ní kí bíríkìlà bá mi fọwọ́ kan ẹnu páìpù náà. Ó fọwọ́ kàn án, ó ṣí ìdérí náà kúrò, ó gbé e sókè nínú òkùnkùn.

"Ìdérí ọ̀dà nìyí," ni ó wí. "Ó dí pa."

Ìyá elépo ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín gba gbogbo gbàgede. Ẹ̀rín yẹn dùn mọ́ mi ju oyin lọ, mi ò ní í purọ́. Ọkùnrin náà ń pariwo pé idán ni, pé mo ti lọ kọ́ idán òyìnbó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Bíríkìlà kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó ń wo ìdérí náà.

"Bàbá," ni ó wí, "ṣé bí ẹ ṣe ń rí oṣù fún wa láti ọjọ́ yìí wá nìyí?"

Ẹ̀rín dá. Ìgbà yẹn ni bàbá mi dìde ní ẹ̀bá ògiri mọ́ṣáláṣí, níbi tí ó ti jókòó láti ìgbà tí a ti kírun tán. Ó ti darúgbó, ohùn rẹ̀ kò sì ròkè.

"Ẹ̀gbọ́n, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ọmọ mi ní òun rí oṣù. Ẹ wo ibi tó nàka sí. Ẹ wò ó pẹ́. Kí lẹ rí?"

"Ìgbà wo nìyẹn? Ta ló rántí?"

"Èmi rántí. Àlùkùránì wà nínú ilé. Ẹ jẹ́ n gbé e wá. Ẹ fi búra pé ẹ ò rí nǹkan kan, n ó ní kí ọmọ mi kúnlẹ̀ bẹ̀ yín lẹ́ẹ̀kan sí i níwájú gbogbo èèyàn yìí."

Tẹ̀sùbáà dáwọ́ dúró. Ọkùnrin náà ká a sínú àpò. Ó ní ilẹ̀ ti ṣú, pé òun kì í ṣe ẹgbẹ́ ọmọdé. Ó fẹsẹ̀ wá bàtà rẹ̀ nínú òkùnkùn, kò sí ẹni tó bá a tan tọ́ọ̀ṣì, ó wọ̀ ọ́, ó sì ń lọ. Kò búra. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ kí wọ́n pè é padà kó tún wá lọ lẹ́ẹ̀kejì.

Bàbá mi wá bá mi nídìí awò. Ayé ti yí díẹ̀, àwọn ìbejì náà ti ń jáde lọ, mo tún darí rẹ̀ sí wọn fún un. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó di ojú kan. Ó pẹ́ lórí rẹ̀ ju gbogbo ènìyàn lọ.

"N ò rí nǹkan kan," ni ó wí.

"Ẹ wo ẹ̀gbẹ́, bàá mi."

"Mo ń wò ó. Òkùnkùn ni mo rí."

Inú bí mi. Gbogbo gbàgede ló ti ń pariwo méjì, méjì, nígbà yẹn. Òun náà gbọ́ ọ. Ká ní ó sọ pé méjì ni, ta ni ì bá bi í? Ṣùgbọ́n ó tún bẹ̀rẹ̀, ó tún wò ó, ó mi orí. Ó fi etí agbádá rẹ̀ nu ojú.

"Ojú tèmi ò gbé e mọ́. Ìwọ, ṣé o rí i?"

"Mo rí i, bàá mi."

"Ó wà níbẹ̀ nìyẹn. Oṣù ọjọ́sí náà wà níbẹ̀. O ò purọ́."

Mo yíjú kíá. Ọkùnrin náà ti dé ìkángun ilé alágbẹ̀dẹ, aṣọ funfun rẹ̀ nìkan ló hàn. Kò gbọ́ ọ. Gbogbo ọdún tí mo fi dúró, kò gbọ́ ọ! Mo ká ìró mi sókè, mo fẹ́ sáré lé e, kí n fà á padà wá, kí bàbá mi tún un sọ lójú rẹ̀. Bàbá mi di ọwọ́ mi mú.

"Jẹ́ ó máa lọ," ni ó wí. "Ìwọ ni mo ń bá sọ̀rọ̀."